Orí Kẹrin: Owó Déékéà Láti Ọwọ́ Ìjọba Amẹ́ríkà, Fún Òbí àti Olùtọ́jú

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà ń bá san owó déékéà. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé owó àwọn aláìríṣẹ́ ni, pé ìtìjú ni kí èèyàn lọ béèrè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń ṣe CNA lóru ní ilé àwọn arúgbó, ẹni tó ń wa Uber, ẹni tó ń kó ẹrù ní wáháùsì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì ti bímọ: irú wọn gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin rẹ̀. Owó oṣù wọn kò kéré tó ti ẹni tí kò níṣẹ́, kò sì pọ̀ tó kí déékéà má jẹ ẹ́ tán.

Orúkọ ètò náà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni Child Care and Development Fund, tí àwọn ọ́fíìsì ń pè ní CCDF. Wọn kì í sábà kó owó náà lé òbí lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ibi, ìpínlẹ̀ ló ń san án tààrà fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, òbí á sì san ìwọ̀n tirẹ̀ lé e. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú àdéhùn náà: ìpínlẹ̀, òbí àti olùtọ́jú. Bí ìwé ẹnì kan nínú wọn kò bá pé, owó á dúró, ẹni tí kò ṣẹ̀ ló sì sábà máa ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kó ọ̀rọ̀ òbí àti ti olùtọ́jú pọ̀ sínú orí kan ṣoṣo. Kí òbí jọ̀wọ́ má fo apá olùtọ́jú, kí olùtọ́jú náà má fo ti òbí.

Ibi tí owó náà ti ń wá

Ní 1971, ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin kan tí ì bá dá ètò ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Ààrẹ Richard Nixon kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Títí di òní, kò tíì sí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó kárí orílẹ̀-èdè náà. Ohun tó wà ni òfin ọdún 1990, tí Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lù, tó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa pín owó fún àwọn ìpínlẹ̀ kí kálukú wọn lọ ṣètò bó ṣe fẹ́. Ní 1996 wọ́n da àwọn owó ìtọ́jú ọmọ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ní 2014 wọ́n tún un ṣe, àtúnṣe yẹn sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa bá pàdé lónìí: ìdánilójú oṣù méjìlá fún òbí, títẹ ìka fún olùtọ́jú, àti àyẹ̀wò ilé lọ́dọọdún.

Nítorí pé ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní Georgia, CAPS ni wọ́n ń pè é. Ní Maryland, Child Care Scholarship ni, abẹ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ló sì wà. Ní Illinois àti New York, CCAP ni. Ní Texas, Child Care Services ni. Texas Workforce Commission ló ni ín, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ agbègbè méjìdínlọ́gbọ̀n ló ń bójú tó o, débi pé òfin Houston àti ti Dallas lè má bára mu nínú àwọn nǹkan kan. Bí àbúrò yín ní Atlanta bá sọ fún yín pé báyìí báyìí ni wọ́n ṣe fún òun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín. Ìmọ̀ràn WhatsApp tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà tí ì bá ṣí fún wọn.

Ohun kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kì í tètè sọ: owó náà kò tó gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nínú ìṣirò tí ẹ̀ka ìlera ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, bí ọmọ mẹ́fà bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i lábẹ́ òfin àpapọ̀, nǹkan bí ọ̀kan péré ni owó náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí owó bá tán, ìpínlẹ̀ á kọ orúkọ sílẹ̀ kí àwọn èèyàn máa dúró, tàbí kí ó ti ìlẹ̀kùn. Maryland ṣe bẹ́ẹ̀ ní May 2025, nígbà tó dá gbígba ọ̀pọ̀ ìdílé tuntun dúró. New Mexico ní tirẹ̀ ṣe ohun tí ìpínlẹ̀ kankan kò ṣe rí: láti November 2025, ó ṣí i fún gbogbo ìdílé láìka iye tó ń wọlé fún wọn sí. Bí ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń dúró, ẹ má ṣe bínú kúrò. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ wà nínú àwọn tí òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn: ìdílé tówó rẹ̀ kéré gan-an, ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe, àti ìdílé tí kò ní ilé lórí.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Bí ó bá ní àìlera tí kò jẹ́ kí ó lè tọ́jú ara rẹ̀, ìpínlẹ̀ lè gbà á títí ó fi kù díẹ̀ kí ó pé ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ti ọmọ jòjòló nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń ti ilé ìwé dé ní agogo mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ kò ní í dé títí di agogo méje wà níbẹ̀, àti ìtọ́jú ìgbà ọlidé gígùn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí, wọ́n á gbàgbé ètò náà lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọ ilé ìwé ìjọba.

Òbí gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, tàbí kí ó máa kàwé, tàbí kí ó máa kọ́ṣẹ́. Bí bàbá àti ìyá bá jọ ń gbé, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni wọ́n máa wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tó ń wọlé. Òfin àpapọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdílé àárín ní ìpínlẹ̀ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá to gbogbo ìdílé ìpínlẹ̀ náà láti orí ẹni tówó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù, iye tí ìdílé tó wà láàárín gan-an ń gbà ni wọ́n fi ń wọ̀n yòókù. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fa ìlà tiwọn sísàlẹ̀ èyí. Òfin náà tún ní kí ohun ìní ìdílé má kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là, òbí fúnra rẹ̀ ló sì máa fọwọ́ sí i pé kò kọjá.

Owó tí wọ́n ń wò ni owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń dun àwọn èèyàn wa. Ẹni tí wọ́n kọ 4,200 dọ́là fún lè máà rí ju 3,300 lọ nínú báńkì, kí ó sì ti fi 400 nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún owó ilé ìwé àbúrò àti oògùn màmá. Kò sí àyè fún owó Ìbàdàn nínú fọ́ọ̀mù náà. Fún wọn, 4,200 ni ẹ ń gbà. Mo gbà pé kò dára tó, nítorí pé ojúṣe sí ẹbí kì í ṣe fàájì, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ fi dín iye tí ẹ máa kọ kù.

Ní ti ìwé ìgbélùú, ọmọ ni ètò náà wà fún, nítorí náà ipò ọmọ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kódà bí ìwé òbí rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹjọ́ káàdì ìgbélùú (green card) lọ́dọ̀ ìjọba lọ́wọ́, ẹ bá lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ èyíkéyìí. Òfin lórí ẹni tí wọ́n lè kà sí ẹrù ìjọba máa ń yí bí ìjọba bá ti ń yí, ìwé yìí kò sì lè bá a sáré.

Ìwé, ìwé, ìwé

Ẹ kó àwọn wọ̀nyí jọ kí ẹ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà: ìwé ìbí ọmọ, káàdì ìdánimọ̀ yín, ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé, ìwé owó oṣù ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ léra, àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, àti tímùtébù ilé ìwé bí ẹ bá ń kàwé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, yálà ó ń wakọ̀ ni tàbí ó ń dirun, máa nílò ìwé owó orí ọdún tó kọjá pẹ̀lú Schedule C, àti àkọsílẹ̀ ohun tó wọlé láti ìgbà náà. Bí owó yín bá ń lọ sókè sódò nítorí ofataimu, ẹ sọ ọ́. Òfin 2014 ní kí ìpínlẹ̀ fi ti owó tí kò dúró sójú kan ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò. Ẹni tó fi ìwé oṣù December nìkan sílẹ̀, nígbà tó ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì nítorí Kérésìmesì, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di olówó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gba àkíyèsí. Olúwadámiláre ló wà nínú ìwé ìbí, Dami ló wà ní déékéà. Àbíkẹ́ ni ìyá ń jẹ́ nínú pásípọ́ọ̀tù, ó ti fi orúkọ ọkọ kún un nínú káàdì, wọ́n sì ti gé e sí méjì níbi iṣẹ́. Lójú tiwa, ẹni kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà ìpínlẹ̀, ẹni mẹ́ta ni. Ẹ mú orúkọ kan, bó ṣe wà nínú ìwé ìbí tàbí káàdì, kí ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo láìfi lẹ́tà kan pamọ́, kí ẹ sì sọ fún olùtọ́jú kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Bí ìwé iṣẹ́ bá yàtọ̀, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó tàbí àlàyé kúkúrú tì í.

Bí bàbá ọmọ bá wà ní Èkó, òótọ́ ni kí ẹ sọ: ẹ ti ṣègbéyàwó, ẹ kò jọ gbé ilé kan. Ẹ má kọ pé ẹ kò lọ́kọ. Owó tó bá sì ń fi ránṣẹ́ déédéé lè wọ inú ìṣirò, nítorí náà ẹ bi wọ́n.

Bí wọ́n bá ti gbà yín, oṣù méjìlá ni ó kéré tán kí wọ́n tó tún yẹ̀ yín wò. Láàárín ìgbà náà, bí owó bá gòkè díẹ̀, wọn kò lè lé yín jáde níwọ̀n ìgbà tí kò bá kọjá ìdá 85 tí mo sọ. Bí ẹ bá lọ bímọ tàbí tí ara yín kò yá, tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ṣì wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ pátápátá, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ dá owó dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, láti wá òmíràn. Mo ti rí òbí tó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní déékéà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, tó wá ń gbé ọmọ lẹ́yìn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé oṣù mẹ́ta wà.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ni ọdún kejì. Lẹ́tà àtúnyẹ̀wò á wá, á lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, ọjọ́ á kọjá, owó á dúró. Bí ẹ bá kó kúrò nílé kan, ọ́fíìsì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹ tó sọ fún báńkì. Bí ẹ bá sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ̀tọ́ ti àkọ́kọ́ ti parí, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Iye tí yóò ti àpò yín jáde

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ń gba 4,000 dọ́là lóṣù, ọmọ kan ló wà ní déékéà, déékéà náà sì ń gba 1,100. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní March 2024 ní kí ìpín òbí má kọjá ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé, èyí tó jẹ́ 280 dọ́là fún ìdílé yìí. Ẹ bi ìpínlẹ̀ yín léèrè bóyá ìdá méje náà ni wọ́n ń lò báyìí, torí pé wọn kò jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìjọba tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì lè yí i padà.

Ẹ̀yin á rò pé 280 parí ọ̀rọ̀. Rárá. Ìpínlẹ̀ ní iye tó gbà pé déékéà yẹ kí ó máa gbà. Ká ní ó jẹ́ 950. Ohun tó kù láàárín 950 àti 1,100 ni 150, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì gba olùtọ́jú láyè láti gba èyí lọ́wọ́ òbí. Àpapọ̀ á di 430. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi déékéà kì í ṣe “Ṣé ẹ ń gba ìwé ìjọba?” Ẹ bi wọ́n pé, “Yàtọ̀ sí ìpín tí ìjọba ní kí n san, èló ni mo tún máa san lóṣù?” Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìtanràn bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó wá gbé ọmọ.

Ohun tí ẹ bá san láti àpò yín ní èrè lórí owó orí. Ẹ fi Form 2441 béèrè fún ẹ̀dínwó. Owó ìtọ́jú tí wọ́n máa fi ṣírò kò ju 3,000 dọ́là lọ́dún fún ọmọ kan, 6,000 fún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín ìjọba kò sí nínú rẹ̀, tiyín nìkan ni. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ní àpò Dependent Care FSA, láti 2026 ẹ lè fi tó 7,500 dọ́là pamọ́ síbẹ̀ lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó orí, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi dọ́là kan náà gba èrè lọ́nà méjì.

Bí ìdílé bá tòṣì gan-an, ẹ tún wo Head Start, ètò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé, tó ti wà láti 1965. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀, ọmọ lè wà níbẹ̀ láàárọ̀ kí CCDF sì san ti ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ìyá àgbà bá ni olùtọ́jú

Òfin àpapọ̀ gbà kí ìbátan gba owó yìí: ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, kódà ẹ̀gbọ́n ọmọ náà bí ó bá ti pé ọdún méjìdínlógún tí kò sì gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Iye tí wọ́n ń san fún ìbátan kéré sí ti déékéà, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì máa ń fi ìlànà tiwọn kún un. Ó dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, nítorí pé déékéà tó ń ṣí lóru kò wọ́pọ̀, ọmọ á sì máa gbọ́ Yorùbá.

Àmọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Màmá tó fi físà àlejò wá ṣe ìtọ́jú ìkókó kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá forúkọ màmá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú tí ìjọba ń sanwó fún, iṣẹ́ ni màmá ń ṣe yẹn, ó sì ti ba físà jẹ́. Kí màmá máa gbé ọmọ ọmọ wọn jó bí wọ́n bá fẹ́, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Kí orúkọ wọn má ṣe wọ ìwé owó. Màmá tó ti ní káàdì tàbí tó ti di ọmọ ìlú ló lè gbà á.

Fún ẹni tó ń ṣe déékéà

Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ní Maryland, Texas àti Illinois ló ti sọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn di jẹ́lé-ó-sinmi, iṣẹ́ gidi sì ni. Láti gba ọmọ tí ìjọba ń sanwó fún, ẹ máa nílò ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, àfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Gbogbo àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé náà ni wọ́n máa tẹ ìka wọn, títí kan àbúrò ọkọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n máa wo orúkọ wọn lọ́dọ̀ FBI, nínú ìwé àwọn tó ti ṣe ọmọdé léṣe, àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gbé láàárín ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n á máa tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì wà, ti bí a ṣe ń tẹ́ ìkókó sùn wà pẹ̀lú. Lórí èyí, ẹ má fi ti ilé ṣe: ẹ̀yìn ni ìkókó ń fi lélẹ̀, nínú ibùsùn tirẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ìbora. Olùbẹ̀wò tó bá bá ọmọ ní ìdojúbolẹ̀ kò ní í gbọ́ àlàyé.

Ìwé àṣẹ nìkan kò tó ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Maryland fẹ́ kí ẹ wà nínú ètò Maryland EXCELS; Texas fẹ́ kí ẹ wà nínú Texas Rising Star. Ètò ìdíwọ̀n ìdára ni méjèèjì, bí ipele yín bá sì ti ń gòkè ni owó tí ẹ lè rí gbà ń lékún. Ìṣòro ìwé ibẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wàhálà ìwé tó wà nínú iṣẹ́ yìí, èyí ló ń mówó wọlé.

Iye tí wọ́n ń san kò ti ọ̀run wá. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣèwádìí iye tí àwọn déékéà ń gbà lọ́jà, tàbí iye tó ń ná wọn. Fọ́ọ̀mù ìwádìí náà máa ń wá sí ímeèlì, àwọn èèyàn wa á sì pa á rẹ́ bíi ìpolówó. Bí ẹ bá kọ̀ láti dáhùn, owó agbègbè yín lè kéré. Ẹ dáhùn, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń san tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ ń bù fún ọmọ ìjọ.

Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni owó máa ń wá, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má gba ọmọ ìjọba mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láìní owó oúnjẹ àti owó òṣìṣẹ́ oṣù kan ó kéré tán nípamọ́. Ẹ má sì gba ọmọ wọlé nítorí pé ìyá rẹ̀ ní “wọ́n ti fọwọ́ sí i.” Ìwé àṣẹ tó ní orúkọ ọmọ, orúkọ yín, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti iye wákàtí ni kí ẹ rí. Ọ̀sẹ̀ tó bá wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti òbí ni, ìjọba kò ní í san án.

Ẹ bi ìpínlẹ̀ bóyá iye ọjọ́ tí ọmọ wá ni wọ́n ń san, tàbí àyè tí ẹ dì mú fún un. Èyí ló ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí ó wù kó jẹ́, ìwé àbọ̀ àti ìwé ìlọ ni ẹ̀rí yín. Òbí ni kó fọwọ́ sí i, ní wákàtí tó gbé ọmọ wá àti wákàtí tó wá gbé e. Kí òbí má fọwọ́ sí ti ọ̀sẹ̀ gbogbo lọ́jọ́ Monday, kí ẹ má sì bá òbí fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Kíkọ pé ọmọ wá nígbà tí kò wá, dídárí ìpín òbí jì í kí ó lè gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ yín níbi tí ìpínlẹ̀ bá kọ̀ ọ́, tàbí bíbu díẹ̀ nínú owó ìjọba padà fún ìyá ọmọ: olè ni. Àwọn ènìyàn wa máa ń pè é ní “ìfọwọ́sowọ́pọ̀.” Ìjọba á gba owó wọn padà, á gba ìwé àṣẹ, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n. Fún ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú, ó lè di ìdápadà sílé. Òbí tó bá mọ̀ sí i wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Owó kan wà tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì: owó oúnjẹ. Ètò Child and Adult Care Food Program, ti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ń san owó oúnjẹ méjì àti ìpápánu kan lójúmọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá yẹ. Olùtọ́jú inú ilé á forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ onígbọ̀wọ́ kan, á máa kọ ohun tí àwọn ọmọ jẹ sílẹ̀. Kò sí nínú òfin rẹ̀ pé kí ẹ má se ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí irú oúnjẹ tí wọ́n là sílẹ̀ pé lórí àwo.

Owó ìjọba tí ẹ gbà jẹ́ owó iṣẹ́, ẹ máa san owó orí lórí rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì oúnjẹ, nǹkan ìṣeré, iná àti omi, nítorí pé Form 8829 gba ẹni tó ń fi ilé ṣe déékéà láyè láti yọ apá kan owó ilé rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú àyè àti wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́. Òbí tó bá mú Form W-10 wá, ẹ bá a kọ nọ́ńbà yín sí i láìjanpata. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, àti bí wọ́n bá kọ̀

Ojú ewé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní childcare.gov. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá rọ̀ lọ́rùn lè tẹ 211 lórí fóònù, kí ó ní òun ń wá owó ìtọ́jú ọmọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí màmá tàbí bàbá lọ́wọ́, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Ọ́fíìsì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò yẹ kó fi èdè lé yín padà.

Bí lẹ́tà bá wá pé wọn kò gbà yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé kan ló kù, kì í ṣe pé ẹ kò tó o. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ṣìṣe, ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún un gbọ́, ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé tì í, kí ẹ sì gba ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn. Ọjọ́ tí àyè yẹn máa parí wà nínú lẹ́tà náà, ọjọ́ kò sì í dúró de ẹnikẹ́ni tó fi í sínú dúrọ́ọ̀.